Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Kòkòrò Àrùn Chagas? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwọn Kòkòrò Tí Ń Gbé Àrùn Kiri

Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa ọ̀rọ̀-ìperí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun tuntun lórúkọ ní èdè Yorùbá ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí ohun náà ń gbé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti àwọn ohun tí ó bá tan, kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùtumọ̀ ń ṣe é. Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan ni a sábà máa ń wò, tí a ó sì tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a bí ohun náà sí.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ orúkọ kòkòrò kan ṣoṣo wò láti fi hàn bí àṣà náà ti léwu tó. Kòkòrò kan wà ní ilẹ̀ àwọn Amẹ́ríkà, láti Àjẹ̀ńtínà títí dé apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mu lóru, tí ó sì ń gbé àrùn tí a ń pè ní àrùn Chagas kiri. Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fún un túmọ̀ sí kòkòrò tí ń fi ẹnu ko ènìyàn lẹ́nu. Bí a bá tú orúkọ yìí sí Yorùbá bí ó ti wà, a ó ti kọ́ òǹkàwé ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹnu kòkòrò náà ni àrùn ń gbà jáde. Àṣìkọ́ yìí sì lè gba ẹ̀mí.

Ẹnì kan lè béèrè pé: àrùn Chagas kò sí lára àwọn àrùn tí kòkòrò ń kó ràn wá ní Nàìjíríà, kí ló wá kàn wá nípa orúkọ kòkòrò rẹ̀? Ìdáhùn wa pín sí méjì. Lọ́nà kìíní, àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé ní ilẹ̀ tí àrùn náà wà. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíl ti di ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn wà ní Texas lónìí, níbi tí kòkòrò yìí ń gbé nínú igbó àti lẹ́bàá ilé. Lọ́nà kejì, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ìṣòro tí orúkọ kòkòrò yìí gbé kalẹ̀ ni ìṣòro tí a ń bá yí nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ̀wé lórí ibà, àrùn oorun tàbí sòbìà. Ohun àjèjì ni a fi ń ṣe dígí níhìn-ín, kí a lè rí ojú ara wa.

1. Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Àrùn Náà

Ní 1907, Carlos Chagas, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Bràsíl tí a bí ní 1878, lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lassance ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Ibà ni a rán an láti lọ kápá, nítorí pé ibà ń dá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń la ojú irin gba agbègbè náà gúnlẹ̀. Níbẹ̀ ni onímọ̀-ẹ̀rọ ojú irin kan ti fi kòkòrò ńlá kan hàn án, tí ń gbé inú ihò ògiri ilé alámọ̀ àwọn tálákà, tí ó sì ń jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ wọn.

Chagas tú inú kòkòrò náà, ó sì rí àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí nínú ìfun rẹ̀. Ó fi díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, Oswaldo Cruz, ní Rio de Janeiro. Níbẹ̀ ni a ti jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ, ohun alààyè náà sì fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ. Chagas wá bẹ̀rẹ̀ sí wá a lára ènìyàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 1909, ó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan ní Lassance. Ó fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ohun alààyè náà, ó pè é ní Trypanosoma cruzi. Láti 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń fi ọjọ́ náà ṣe ìrántí àrùn yìí lọ́dọọdún.

Àwọn òǹkàwé yóò ṣe àkíyèsí pé ìtàn yìí yàtọ̀. Ara aláìsàn ni a ti sábà máa ń kọ́kọ́ mọ àrùn, kí a tó wá kòkòrò tí ń gbé e. Ní ti àrùn Chagas, kòkòrò ni a kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà àfòmọ́ inú rẹ̀, àrùn ara ènìyàn ni ó kẹ́yìn. Síbẹ̀, ohun kan ṣókùnkùn sí Chagas fúnra rẹ̀. Ó gbà pé bí kòkòrò náà ti ń ki ẹnu bọ ara ènìyàn ni ó ń fi àrùn sí i lára, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fọn ti ń ṣe. Ní 1912 ni Émile Brumpt, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé inú ìgbẹ́ kòkòrò náà ni àrùn ń gbà jáde, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lè rú àgbà onímọ̀ lójú báyìí, ẹ wo ohun tí orúkọ tí ó ṣini lọ́nà lè fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí.

2. Ilé Kòkòrò Náà àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Irú kòkòrò yìí lé ní 150. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, orí wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn sì gùn bí abẹ́rẹ́ tí a ká sábẹ́ àgbọ̀n. Ìpele márùn-ún ni ọmọ wọn ń là kọjá kí ó tó dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń mu ní gbogbo ìpele, àti akọ àti abo. Àwọn kan ń gbé inú igbó, nínú ihò ẹranko àti ní orí ọ̀pẹ. Àwọn mìíràn ti bá ènìyàn wọ ilé, èyí tí ó burú jù nínú wọn ni Triatoma infestans. Ihò ògiri alámọ̀, òrùlé ewé àti abẹ́ ibùsùn ni ibùgbé wọn. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kòkòrò yìí.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí onílé sì ti sùn, kòkòrò yóò rọra rìn dé ibi tí aṣọ kò bò. Ojú ènìyàn ni ó sábà máa ń wà níta, nítorí náà ẹ̀bá ètè tàbí ẹ̀bá ojú ni ó máa ń kì ẹnu bọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti wá. Kì í dun ẹni tí ó ń sùn, nítorí pé itọ́ kòkòrò ń mú ibẹ̀ kú tipiri. Kòkòrò yóò fa ẹ̀jẹ̀ títí ikùn rẹ̀ yóò fi wú, bí ó sì ti ń fà á tàbí kété tí ó bá yó, yóò yàgbẹ́ sí ara ẹni náà. Inú ìgbẹ́ yìí ni Trypanosoma cruzi wà. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ yóò máa yún ènìyàn. Bí ó bá fi ọwọ́ họ ọ́ tàbí tí ó fi ọwọ́ nu ojú lójú oorun, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gbé ìgbẹ́ náà wọ ojú egbò, tàbí wọ ẹyinjú, tàbí wọ ẹnu. Báyìí ni àrùn ṣe ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí a bá sọ fún pé kòkòrò náà ń fi ẹnu ko ènìyàn lẹ́nu yóò rò pé ibi ti ṣẹ̀ tán nígbà tí ẹnu kòkòrò kan ara òun. Yóò fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀ kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń nu ohun ìríra kúrò. Ohun tí ó ṣe láti fi gba ara rẹ̀ là ni yóò kó àrùn bá a. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé inú ìgbẹ́ ni ewu wà kò ní fi ọwọ́ kàn án. Omi àti ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ wá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Bí kòkòrò bá bọ́ sínú ohun tí a ń fún tàbí tí a ń lọ̀, àwọn tí ó bá mu ún lè kó àrùn láì rí kòkòrò rárá. Ní 2005, omi ìrèké ni ó kó o ran àwọn ènìyàn ní Santa Catarina ní Bràsíl. Ní 2007, omi èso gúáfà ni ó kó o ran àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Caracas. Ìyá lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí aláìsàn lára pẹ̀lú lè gbé e, ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹ̀jẹ̀ tí a fi tọrẹ wò ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 2007. Kò sí ìfẹnukonu nínú gbogbo èyí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí àrùn yìí wà lára wọn lé ní mílíọ̀nù 7, àti pé àwọn tí ó ń pa lọ́dọọdún lé ní 10,000. Ara ohun tí ó mú kí ó burú ni pé ó lè wà lára fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkàn nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn tí ó ní in yóò bẹ̀rẹ̀ sí daṣẹ́ sílẹ̀. Ìfun tàbí ọ̀nà ọ̀fun àwọn mìíràn yóò sì máa tóbi kọjá ààlà. Oògùn méjì wà fún un, benznidazole àti nifurtimox, àárọ̀ àrùn ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ rí dókítà.

3. Orúkọ Tí Àwọn Ẹlòmíràn Fún Un

Ní Bràsíl, barbeiro ni wọ́n ń pe kòkòrò yìí lédè Potogí, èyí tí í ṣe onígbàjámọ̀, nítorí pé ojú ni ó ń fi abẹ rẹ̀ kàn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn onígbàjámọ̀ Bràsíl àtijọ́ a máa fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára aláìsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà ní Rio àti ní Salvador. Orúkọ yìí dùn létí, ó sì bá àṣà àwọn tí ó sọ ọ́ mu. Ṣùgbọ́n ojú àti abẹ ni òun náà ń tọ́ka sí, kò tọ́ka sí ìgbẹ́.

Ní Àjẹ̀ńtínà, Bòlífíà àti Ṣílè, vinchuca ni orúkọ rẹ̀. Inú èdè Quechua ni a gbà pé ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń já ara rẹ̀ bọ́, nítorí pé láti òrùlé ni kòkòrò náà ti ń já bọ́ sórí àwọn tí ó sùn. Charles Darwin kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ nígbà tí ó sùn ní ìletò kan lẹ́bàá Mendoza ní 1835. Orúkọ yìí sàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ó ń kọ́ ènìyàn láti gbójú sókè wo òrùlé. Ní Guatemala ẹ̀wẹ̀, chinche picuda ni wọ́n ń pè é lédè Sípéènì, èyí tí í ṣe ìdun elẹ́nu ṣóńṣó. Ẹbí kòkòrò náà ni àwọn wọ̀nyí wò.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé kò sí èyí tí ó tú orúkọ elòmíràn. Ìwà kan ni olúkúlùkù wò lára kòkòrò tí ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa náà ní ẹ̀tọ́ láti wò ó kí a tó sọ ọ́.

4. Ẹrù Tí Ó Wúwo Jù Lórí Ọ̀rọ̀ Kan

Kí a tó dé ibi orúkọ kòkòrò yìí, ìṣòro kan wà nílẹ̀ tí ó ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà “kòkòrò” ti ń ru ẹrù tí ó pọ̀ jù ní èdè wa. Kòkòrò ni ẹ̀fọn, kòkòrò ni ohun tí ń jẹ eyín, kòkòrò sì ni ohun àìfojúrí tí ń fa àìsàn. Bí ìwé ìlera bá wí pé “kòkòrò àrùn Chagas”, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí ó ń já bọ́ láti òrùlé ni tàbí ohun tí ó wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. À ń wí pé ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà. “Fà” yìí lè jẹ́ kí a rò pé láti ara ẹ̀fọn ni ibà ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò ní ibà tí yóò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọn kò ju alárù lọ. Bákan náà, a ní “jẹ” fún ẹ̀fọn àti ìdun, “ta” fún àkekèé àti oyin, “ṣán” fún ejò. Gbogbo wọn ni ó ní ìrora nínú. Kòkòrò tí a ń sọ yìí kì í dunni nígbà tí ó bá ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó dára kí a máa wí pé ó “fa ẹ̀jẹ̀ mu” dípò pé ó “jẹ” ènìyàn.

Èrò tiwa ni pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí ń ṣe àrùn gan-an, ohun tí ń gbé e kiri, àti ẹni tàbí ẹranko tí ó gbà á lálejò.

Fún ohun kìíní, a fara mọ́ “àfòmọ́”. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n lórí igi kòkó àti orógbó. Òwe sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa tipẹ́ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ohun tí kò lè dá gbé, tí ó ń jẹ lára ẹlòmíràn, ni ìtumọ̀ tí sáyẹ́ǹsì ń wá. Fún ohun kejì, a dábàá “agbárùnkiri”, láti inú “gbé àrùn kiri”. Fún ohun kẹta, a dábàá “agbàfòmọ́”, láti inú “gba àfòmọ́”. Ní ti orúkọ Trypanosoma, èdè Gíríìkì ni a ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ara rẹ̀ dà bí irin tí a fi ń lu ihò. A lè túmọ̀ èyí, ṣùgbọ́n kò kọ́ni ní ohun kan nípa àrùn. Nítorí náà “tiripanosómù” tó, kí a fi ohùn Yorùbá pè é. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni a gbọ́dọ̀ túmọ̀. Èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò gba ẹ̀mí là ni kí a jìyà lé lórí.

5. Tẹnu Ni Tàbí Tìdí?

Bí a bá ti ní “agbárùnkiri”, ìbéèrè tí ó kù ni ọ̀nà tí ó ń gbà gbé àrùn dé ara wa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pín àwọn tiripanosómù ara ẹranko afọ́mọlọ́mú sí ọ̀nà méjì: Salivaria, àwọn tí ń bá itọ́ kòkòrò jáde, àti Stercoraria, àwọn tí ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Cecil Hoare lo ìpín yìí nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1972. Yorùbá lè sọ ọ́ ní kúkúrú: “tẹnu” àti “tìdí”. A ó fi méjì kún un, kí ó lè gba àwọn àrùn yòókù.

Agbárùnkiri tẹnu ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí Ronald Ross ṣe ní Íńdíà ti jẹ́ kí a mọ̀. Tẹnu ni eṣinṣin tsetse tí ń gbé àrùn oorun. Àfòmọ́ àrùn oorun àti ti Chagas jẹ́ ọmọ ìyá, tiripanosómù ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnu ni ọ̀kan ń gbà, ìdí ni èkejì ń gbà. A kò ṣàìmọ àrùn tsetse nílẹ̀ wa. A ti rí ti ènìyàn ní Gboko àti ní Abraka. Ti ẹranko sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ní láti máa ra ẹṣin tuntun láti ìhà àríwá. Tẹnu náà ni eṣinṣin dúdú kékeré tí ń gbé àrùn ìfọ́jú etí odò, tí ń pọ̀ níbi tí omi ti ń ṣàn kíkankíkan.

Agbárùnkiri tìdí ni kòkòrò àrùn Chagas. Ẹnìkejì rẹ̀ ni iná ara, èyí tí ń gbé inú aṣọ. Ní 1909 kan náà ni Charles Nicolle fi hàn ní Tunis pé iná ara ni ó ń gbé ibà líle kan tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Ìgbẹ́ iná tí ènìyàn fi èékánná họ wọ ara ni ó ń kó o ràn án.

Agbárùnkiri àgbémì ni kòkòrò omi tíntìntín tí ń gbé sòbìà. Kì í jẹni, kì í tani. Àwa ni à ń gbé e mì. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara olúkúlùkù ni sòbìà ti ń wá. Nígbà tí ó yé wọn pé inú omi ni, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni ó di oògùn rẹ̀. Ní 2013 ni a fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí ó ṣe é. Mímọ ẹnu ọ̀nà ni ó ṣe é.

Agbárùnkiri tẹsẹ̀ ni eṣinṣin ilé, tí ń fi ẹsẹ̀ kó ẹ̀gbin láti orí ààtàn wá sórí oúnjẹ.

Àǹfààní ìpín yìí ni pé inú orúkọ ni àkóso àrùn wà. Tẹnu: ẹ ta àwọ̀n, kí ẹnu rẹ̀ má kàn yín. Tìdí: ẹ má fi ọwọ́ họ ọ́, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ sì dí ihò ògiri. Àgbémì: ẹ sẹ́ omi. Tẹsẹ̀: ẹ bo oúnjẹ.

6. Ìdun Abìyẹ́, àti Kíláàsì Kan ní Erinjẹ

A wá padà sí orúkọ kòkòrò wa. Kí a fi ojú inú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kíláàsì kan ní Erinjẹ, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lẹ́bàá Òkìtìpupa. A yan ibẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ wa kan náà ni wọ́n ń gbìn ní oko ńláńlá ní Kòlóńbíà lónìí, àwọn olùwádìí sì ti bá irú kòkòrò yìí kan tí ń jẹ́ Rhodnius ní orí rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ akọ̀pẹ ní Erinjẹ tí ó bá gbọ́ èyí yóò bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ó wà lórí ọ̀pẹ bàbá òun. Olùkọ́ yóò dáhùn pé àrùn náà kò sí níbí. Ọmọ náà yóò tún béèrè pé: báwo ni ó ti rí?

“Ó rí bí ìdun” ni ìdáhùn tí ó bọ́gbọ́n mu jù. Ìdun ń fara pamọ́ sínú ihò, ó ń jáde lóru, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń wú bí ó bá yó. Sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú gbà pé ìbátan ni wọ́n, inú ìsọ̀rí kòkòrò kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ohun tí ó ya wọn sọ́tọ̀ lójú ni pé kòkòrò wa tóbi tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdun, àti pé bí ó bá dàgbà, ó ń ní ìyẹ́. Ìdun kì í ní ìyẹ́ títí ayé. Nítorí náà, a dábàá “ìdun abìyẹ́”.

Àríyànjiyàn méjì lè dìde sí i. Èkíní ni pé ọmọ rẹ̀ kò ní ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè gbé àrùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ẹyẹ pẹ̀lú kì í ti inú ẹyin fò jáde, ẹyẹ ni a sì ń pè é. Èkejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó gbọ́ “ìdun abìyẹ́” lè bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé ìdun inú ibùsùn òun ń gbé àrùn Chagas. Ní yàrá ìwádìí nìkan ni a ti rí i pé ìdun lè kó o ran eku. A kò rí i kí ó kó o ran ènìyàn nínú ilé. Nítorí èyí ni a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àìsàn náà ní “àrùn ìdun”. Kí ó máa jẹ́ “àrùn Chagas”, kí orúkọ ẹni tí ó wá a rí dúró tì í.

A ti wo “afẹnukonu”, a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. A ti wo “onígbàjámọ̀”, ó dùn, ṣùgbọ́n yóò ba iṣẹ́ ọmọlúàbí jẹ́ láìnídìí. Bí olùkọ́ bá wí fún kíláàsì rẹ̀ pé “ìdun abìyẹ́ jẹ́ agbárùnkiri tìdí”, gbólóhùn kan péré ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ ọ ti mọ ìrísí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ewu rẹ̀ wà.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láti 1970 títí dé 1978 ni a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, èyí sì fi hàn pé èdè wa lè gba sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ èdè ṣe àkójọpọ̀ èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí a má ṣe ka iye ọ̀rọ̀ tí a dá nìkan, kí a máa bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó kọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ní Ṣílè, Uruguay àti Bràsíl, a ti dá Triatoma infestans dúró kí ó má lè kó àrùn ran ènìyàn mọ́. A fi ìwé ẹ̀rí èyí fún Uruguay ní 1997, Ṣílè ní 1999, Bràsíl ní 2006. Oògùn tí a fọ́n sí ilé àti ògiri tí a rẹ́ ni ó ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí ó yé ará oko yékéyéké. Bí ẹ̀kọ́ yóò bá yé ènìyàn, inú ọ̀rọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

A fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtumọ̀ báyìí, kí ẹ lè dán wọn wò, kí ẹ sì tún wọn ṣe:

Àfòmọ́: ohun alààyè tí ń gbé lára ohun alààyè mìíràn, tí ó sì ń jẹ lára rẹ̀.
Agbàfòmọ́: ènìyàn tàbí ẹranko tí àfòmọ́ ń gbé lára rẹ̀.
Agbárùnkiri: kòkòrò tí ń gbé àfòmọ́ láti ara agbàfòmọ́ kan dé ara èkejì.
Agbárùnkiri tẹnu: èyí tí ń gba ẹnu fi àrùn ránni.
Agbárùnkiri tìdí: èyí tí àrùn wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
Agbárùnkiri àgbémì: èyí tí a ń bá omi tàbí oúnjẹ gbé mì.
Agbárùnkiri tẹsẹ̀: èyí tí ń fi ẹsẹ̀ àti ara kó ẹ̀gbin kiri.
Ìdun abìyẹ́: kòkòrò tí ń gbé àrùn Chagas kiri.
Tiripanosómù: ìdílé àfòmọ́ tí ti àrùn Chagas àti ti àrùn oorun ti jáde.